Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yàn: Ibi Tí Àlejò Yóò Sùn Sí ní Adó-Èkìtì

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí kan àwọn tó ń gbèrò àtiwá sí Adó-Èkìtì fún ọjọ́ mélòó kan. Òbí tó fẹ́ wá wo ọmọ ní yunifásítì wà nínú wọn. Ẹni tó ń gbé aláìsàn bọ̀ ní ọsibítù wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìwé pè síbi ìgbéyàwó wà níbẹ̀, àti ẹni tó ń tọpa fáìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, àti ọmọ Èkìtì tó ti pẹ́ ní Èkó tàbí ní London tó kàn fẹ́ wá gba atẹ́gùn ilé sára. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: "Ibo ló dára jù láti sùn sí ní Adó?" Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì la sì máa ń fi dá wọn lóhùn. Ẹnìkan á ní ti lágbájá ní omi gbígbóná, ẹlòmíràn á ní ti tàmẹ̀dò mọ́ tónítóní. Bí wọ́n bá bi èmi, mo máa ń fi ìbéèrè dá ìbéèrè lóhùn ni: "Níbo lẹ ti gbọ́dọ̀ wà ní aago méje àárọ̀ ọ̀la?"

Ìdí tí mo fi ń béèrè bẹ́ẹ̀ ni bí ìlú wa ṣe tò. Ẹ fojú inú wò ó. Ààfin Èwí wà láàrin gbùngbùn, Ọjà Ọba wà níwájú ààfin. Láti agbègbè yìí ni àwọn ọ̀nà ńlá ti yà bí ìka ṣe yà lára àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ gba Àjílòsùn, ó kọrí sí gúúsù, òun ló lọ já sí Àkúrẹ́. Ọ̀nà Ìlawẹ̀ kò jìnnà sí i. Ọ̀nà Ìyìn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó gba Ìgèdè àti Aràmọ́kọ lọ sọ́nà Iléṣà. Adébáyọ̀ ló gbéni lọ sọ́nà Ìwòròkò àti Ìfàkì. Ọ̀nà Àfàò àti ọ̀nà Ìjàn wà lápá ìlà oòrùn. Bí ẹ bá sùn sórí ọ̀kan nínú àwọn ìka yìí, tí iṣẹ́ tó gbé yín wá sì wà lórí òmíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é tí ẹ ò ní kọ́kọ́ padà sí àtẹ́lẹwọ́, ìyẹn Ìjìgbò, Òkèsà, Ọjà Ọba àti Fájúyì. Àwọn ọ̀nà àbùjá wà o, àwa tí à ń gbé ibẹ̀ mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n àlejò kò mọ̀ wọ́n, ọlọ́kadà kì í sì fẹ́ gbà wọ́n nígbà òjò.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọlọ́jà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá á pàdé ní àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Ọkọ̀ á máa fà bí ìgbín. Ẹni tó bá sùn sí Àjílòsùn, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́nà Ìjàn, á kàn jókòó sínú takisí ni, á máa wo aago. Nítorí náà, ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn kí ẹ tó yan ilé. Ẹ mọ ọ̀nà tí ohun tí ẹ bá wá wà, kí ẹ sì wá ibi ìsùn sórí ọ̀nà náà. Yàrá kékeré tó wà lọ́nà tó tọ́ á tù yín lára ju yàrá olówó ńlá tó wà lódì kejì ìlú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́nà Ìjàn, torí ibẹ̀ ni àlejò ti máa ń pọ̀ jù nígbà ayẹyẹ. Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, tí gbogbo wa ń pè ní ABUAD, wà níbẹ̀ láti ọdún 2009. Pólì ìjọba àpapọ̀ náà kọjú sí i. Jos ni wọ́n ti dá pólì yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1977 kó tó wá sí Adó lọ́dún 1982. Bí ẹ bá ka àdírẹ́sì ABUAD, ẹ máa rí i pé kìlómítà mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo kìlómítà mẹ́jọ ààbọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ọkọ̀ àwọn òbí láti Èkó, Abuja àti Port Harcourt ló máa ń tò síbẹ̀. Ẹni tó bá sùn sójú ọ̀nà Ìjàn á ti wọlé, á ti rí àga jókòó, nígbà tí ẹni tó sùn sí ìgboro ṣì ń bá dírẹ́bà ṣe àríyànjiyàn. Ọsibítù ńlá ti yunifásítì náà, tó ní ibùsùn 400, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2017, wà lọ́nà yìí kan náà. Ẹni tó bá ní aláìsàn níbẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ní ìgboro lálẹ́.

Ọ̀nà Ìwòròkò ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, EKSU. Àwọn ọ̀dọ́ kan lè má mọ̀ pé lábẹ́ ìjọba Gómìnà Ajásin ti ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1982, àti pé Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́, kí orúkọ yẹn tó wá di ti Ifẹ̀. Òbí tó bá ń wá wo ọmọ níbẹ̀ lè sùn sí apá Adébáyọ̀ tàbí Òpópógbòòrò, ọkọ̀ tààrà ló máa gbé e dé géètì. Ẹ máa gbọ́ tí àwọn ọmọ ń dárúkọ Òsèkítà àti Phase Two. Àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Orí wọn á wú pé kí ẹ wá sùn sí yàrá àwọn. Ẹ lọ wò ó, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ fún wọn lówó oúnjẹ, kí ẹ padà síbi tí ẹ ti lè sùn. Orin kì í tán ní àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́, mi ò sì bínú sí wọn.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù lọ ni ti àwọn tó gbé aláìsàn wá sí ọsibítù ìkọ́ni EKSUTH, lójú ọ̀nà Adébáyọ̀. Àwọn yìí kì í ronú nípa ibi ìsùn rárá kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọ́n á ti Ọ̀mùò wá, wọ́n á ti Ìkọ̀lé wá, nínú ìpayà, pẹ̀lú aṣọ kan lọ́rùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n á sùn sí. Ẹ lọ dúró lẹ́nu géètì ọsibítù kan ní ìdájí, ẹ ó rí obìnrin tó gbé fúláàsì omi gbígbóná dání, tó fi ìborùn bo ike ògì kó má baà tutù, tó ń bẹ ẹ̀ṣọ́ géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n gbé e fún ìyá mi. Wọn ò jẹun láti àná."

"Màmá, aago ò tíì lù. Ẹ ní sùúrù díẹ̀."

Ẹ̀ṣọ́ náà kò ṣe ohun tó burú, òfin ló ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrìn tí obìnrin yẹn ti rìn kó tó dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìkángun ọ̀nà Ìlawẹ̀ ni ìbátan rẹ̀ fi í wọ̀ sí, ó ti gun ọ̀kadà méjì kí ojú ọ̀run tó là, yóò sì tún gùn wọ́n padà lọ́sàn-án láti lọ se ọbẹ̀, yóò tún gùn wọ́n bọ̀ lálẹ́. Owó ọ̀kadà ọ̀sẹ̀ méjì á ti tó owó yàrá. Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sùn síbi tó ti lè fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù. Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ wá ra oògùn ní aago méjì òru, ẹsẹ̀ yín nìkan ni ọkọ̀ tó dájú. Bó bá máa ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ má sanwó òtẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́. Ẹ bi àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì. Àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì, omi inú ọ̀rá àti ìwé ìnùdí mọ ẹni tó ní yàrá tó fi ń gba irú yín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí ẹ ó ti rí ibi dáná sí. Wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn bíi tiyín, àánú wà lójú wọn.

Ẹni tó bá wá sí sẹkitéríàtì, apá ọ̀nà Ìyìn ló yẹ ẹ́. Ibẹ̀ gbòòrò, ọ̀nà ibẹ̀ dára, ó sì tutù ju àárín ìlú lọ. GRA Onígàrí àti Òkè-Ìlá náà wà fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: bí ilẹ̀ bá ti ṣú, takisí kì í pọ̀ ní irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀ tiyín, ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà kan lọ́sàn-án.

Àárín ìlú wá ńkọ́? Àwọn kan máa ń sá fún un nítorí ariwo, òótọ́ sì ni wọ́n wí. Ọjà kì í tètè tú, fèrè ọkọ̀ kì í dákẹ́, ilé ìjọsìn tó ń ṣe ìsọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì pọ̀, ìpè àdúrà ìdájí sì wà níbẹ̀. Ẹni tí oorun rẹ̀ bá fúyẹ́, kó béèrè ohun tó wà nítòsí kó tó sanwó. Síbẹ̀, àwọn àlejò kan wà tó jẹ́ pé àárín ìlú gan-an ló tọ́ sí wọn. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ní Kàtídírà Ìmánúẹ́lì ní Òkèsà lẹ bá wá, kí ni ẹ ń wá lọ sí ìta ìlú? Ẹ sùn sí Òkèsà tàbí Ìjìgbò, kí ẹ wọ gèlè yín nínú yàrá, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá sì jẹ́ ọdún Ùdírókò ni, tí Adó máa ń ṣe lóṣù kẹjọ láti wọ ọdún tuntun, ìtòsí ààfin ni gbogbo rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n máa ń dí ọ̀nà pa, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lè gbé e dé ibẹ̀ á kàn máa gbọ́ ìlù lókèèrè ni.

Fájúyì náà wà ní àárín ìlú yìí, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ọlọ́kadà ló mọ̀ ọ́n, gbogbo àlejò ló ń dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín mọ ẹni tí wọ́n fi sọ ibẹ̀. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájúyì, ọmọ Adó yìí, ló jẹ́ gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Olórí ìjọba nígbà náà, Aguiyi-Ironsi, wá ṣe àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù keje ọdún 1966. Nígbà tí àwọn ológun tó dìtẹ̀ wá mú àlejò náà, a gbọ́ pé Fájúyì kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Wọ́n pa àwọn méjèèjì ní ọjọ́ 29 oṣù keje. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ojú tí ọmọ Adó fi ń wo àlejò, ẹ mú un lọ sí ọgbà Fájúyì.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ilé ní Adó, tí ẹ bá wá, tí ẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí ẹnìkan wá rí yín ní Ọjà Ọba! Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dá ìjà ọdún púpọ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ní yàrá tó tutù ju ti òtẹ́ẹ̀lì lọ. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹ ṣì ka àwọn sí ni. Èmi kò ní kí ẹ fi dandan sùn sí agboolé. Ilé àtijọ́ tó wà ní Ìjìgbò tàbí Odò-Adó, ilé ìwẹ̀ kan náà ni gbogbo ìdílé ń lò níbẹ̀ nígbà mìíràn, bí ẹ bá sì kó ọmọ mẹ́ta àti ìyàwó wá, ẹ ó ni onílé lára, ẹ ó sì ni ara yín lára. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn. Kí ẹ tó gbé àpò wọ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ yà nílé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ló gbé mi wá, ọ́fíìsì ló gba yàrá fún wa lọ́nà Ìyìn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni mo ti máa jẹun alẹ́." Ẹ ó rí i pé inú wọn á dùn, odó á sì dún lẹ́yìnkùlé kí ẹ tó dìde. Ẹ má kọ iyán yẹn o, bí ẹ tilẹ̀ ti yó.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ wọlé, ẹ ṣọ́ aago. Láti Àkúrẹ́ sí Adó kò ju bíi kìlómítà 50 lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ti sunkún lórí ọ̀nà yẹn. Bó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó dé Àkúrẹ́, ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ wá láàárọ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ènìyàn láti sanwó yàrá nígbà tí ibi tó ń lọ ti sún mọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ yìí, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní apá Ẹmùrẹ́. A kò gbàgbé. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín kò ní bínú pé ẹ dé lọ́jọ́ kejì.

Ìkẹ́rẹ́, tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ yìí, náà ṣeé sùn sí, pàápàá fún ẹni tó bá fẹ́ wo òkè Olósùnta tàbí tó ní iṣẹ́ ní yunifásítì tó wà níbẹ̀. Ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn ńlá kan fún, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, tó wà ní ilé ọnà British Museum títí di òní. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó ń gbé London lọ wo ìlẹ̀kùn yẹn, kí wọ́n sì wá wo ilé tó ti kúrò.

Ìkògòsì ńkọ́, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé? Ẹ má sùn sí Adó nítorí rẹ̀. Ẹ sùn sí Ìkògòsì fúnra rẹ̀, kí ẹ jí bá a ní àárọ̀ kí èrò tó dé.

Ó ku ìbéèrè tí ẹ máa béèrè lórí fóònù kí ẹ tó sanwó. Ẹ má béèrè pé, "Ṣé ẹ ní iná?" Gbogbo wọn á ní àwọn ní iná. Ẹ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báǹdì iná wo ni iléeṣẹ́ mànàmáná BEDC fi àdúgbò yín sí?" Báǹdì A, tí owó iná rẹ̀ gòkè lóṣù kẹrin ọdún 2024, ló yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ẹni tó bá wà ní Báǹdì E, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ró, owó epo yẹn á sì wà nínú owó yàrá yín. Ẹ wá tẹ̀ lé e pé, "Aago mélòó lẹ máa ń pa jẹnẹrétọ̀ lóru?" Bó bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ẹ béèrè omi náà: ṣé kànga ẹlẹ́rọ ni, àbí ọkọ̀ ló ń gbé omi wá? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù kejì sí ìkẹta, ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ti iná lọ. Bó bá sì jẹ́ ìgbà òjò, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀bá odò ni ilé wọn wà. Àwọn odò tó la Adó kọjá, bí Àjílòsùn àti Elémi, kéré lójú lẹ́ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti rọ̀, àwọn tó kọ́lé sí bèbè wọn mọ ohun tójú wọn ń rí.

Bó bá jẹ́ Ùdírókò, oṣù Kejìlá, tàbí ọ̀sẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ABUAD tàbí EKSU lẹ ń bọ̀, ẹ pè ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ fi owó díẹ̀ dá a dúró, ẹ gba rìsíìtì lórí WhatsApp, ẹ tún pè wọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀la yóò jẹ́ ọjọ́ ìrìnàjò yín.

Nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní géréèjì, ẹ má dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì fún ọlọ́kadà, torí orúkọ wọn jọra, ó sì lè gbé yín lọ sí òmíràn. Ẹ dárúkọ àdúgbò àti ohun tó wà níwájú ibẹ̀: "Ọ̀gá, Adébáyọ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù. Èló?" Ẹ dá iye owó kí ẹ tó gùn, ẹ sọ fún un pé kó rọra sá, pàápàá bí àpò bá wà lẹ́yìn yín.

 Ẹ wá sí Adó o, à ń retí yín.